Ọ̀pọ̀ Tí Ó Di Ọ̀wọ́n

“Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á.” Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí wa. Ohun tí àwọn àgbà ń fi kọ́ wa ni pé ohun rere kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, bí a bá dé ọjà, tí a rí ohun èlò méjì tí ó jọ ara wọn, tí owó ọ̀kan kéré tí ti èkejì sì ga, ojú wa a máa tètè yà sí èyí tí owó rẹ̀ kéré. A ó sanwó, inú wa yóò dùn, a ó sì máa sọ fún ará ilé pé ọ̀pọ̀ ni a rà. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀wọ́n gan-an ni a rà, a kò kàn tí ì mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ìlú kan ní agbègbè Òkè-Ògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa gùn, oòrùn a sì máa mú. Nítorí náà, omi pípọn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kí a wí pé ìyàwó ilé méjì lọ ra korobá oníke. Ẹni àkọ́kọ́ ra ti ₦1,500, ẹni kejì ra ti ₦4,500. Ní ọjọ́ tí wọ́n ti ọjà dé, ẹni àkọ́kọ́ ni ó jọ ọlọ́gbọ́n, nítorí ó fi ₦3,000 pamọ́. Ṣùgbọ́n korobá rẹ̀ fẹ́lẹ́. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí ó fi sán, ó sì ní láti ra òmíràn. Bí ó bá ń rà á ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́ta ni yóò rà lọ́dún, méjìlá ni yóò sì rà ní ọdún mẹ́rin. Àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ ₦18,000. Bí korobá ẹni kejì bá lo ọdún mẹ́rin náà láìsán, ₦4,500 péré ni òun ná. Ẹni tí ó ra ọ̀pọ̀ ti ná ìlọ́po mẹ́rin owó ẹni tí ó ra ọ̀wọ́n. A kò tilẹ̀ tí ì ka omi tí ó dànù lójú ọ̀nà, tàbí ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé-ìwé nítorí pé ó ní láti padà sí ìdí kànga.

Kí ni ó ń mú kí ike sán bẹ́ẹ̀? Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ìtànṣán kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìtànṣán yìí ni ó ń jẹ ike díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì máa kán. Àwọn tí ń ṣe ike tí ó dára a máa po èròjà mọ́ ọn kí oòrùn má baà tètè bà á jẹ́. Ẹ̀yà èédú lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀; ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbá omi tí ń gbé inú oòrùn fi máa ń dúdú. Ẹni tí ó fẹ́ ta ike ní owó pọ́ọ́kú a máa dín èròjà náà kù, a sì máa mú ike náà fẹ́lẹ́.

Irú ọ̀pọ̀ kejì ni èyí tí kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí ń jẹ owó lójoojúmọ́. Ẹ wo gílóòbù iná mànàmáná. Bí a bá ń tan gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ wáàtì 60 fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́, yóò jẹ yúníìtì 109 ààbọ̀ lọ́dún. Gílóòbù LED tí ó jẹ́ wáàtì 9 lè tan ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tirẹ̀, síbẹ̀ yúníìtì tí yóò jẹ lọ́dún kò ju 16 àti díẹ̀ lọ. Ti àtijọ́ a máa kú lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 1,000; èyí tí ó dára nínú LED lè lò tó wákàtí 15,000. Ẹni tí ó wo owó gílóòbù nìkan kò wo owó iná.

Irú kẹta ni ó burú jù, nítorí kì í ṣe owó nìkan ni ó ń gbà. Okùn bàbà ni ó yẹ kí ó wà nínú wáyà iná, kí ó sì nípọn tó bí a ti kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Nínú wáyà ayédèrú, okùn náà a máa tín-ín-rín ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí kí ó jẹ́ irin mìíràn tí a fi bàbà bò lójú. Bí iná púpọ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, iná sì lè ràn mọ́ ilé. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣe fi òfin ọdún 1971 dá àjọ tí à ń pè ní SON sílẹ̀, kí ó máa ṣe òṣùwọ̀n fún ọjà. Ẹni tí ó ra ọjà Nàìjíríà lè wò ó bóyá àmì MANCAP, tí àjọ náà fi ń jẹ́rìí sí ọjà, wà ní ara rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, “Kì í ṣe pé n kò mọ èyí tí ó dára, owó rẹ̀ ni kò sí.” Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àìlówó lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń mú kí tálákà máa ná ju olówó lọ lórí ohun kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti wá nǹkan ṣe sí i. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé èésú: àwọn ènìyàn a máa dá iye owó kan ní àkókò kan, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kárí. Ẹni tí kò lè mú ₦4,500 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè dá a díẹ̀díẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wọ́n ni ó dára, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀pọ̀ ni ó burú. Owó ìkòkò amọ̀ kì í pọ̀, síbẹ̀ ó ń mú omi tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì lè pẹ́ ní ilé bí a kò bá já a lulẹ̀. Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a gbé ọjà náà wò, kí a tẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì bi ẹni tí ó ti lò ó rí. Lẹ́yìn náà, kí a bi ara wa pé: ọjọ́ mélòó ni yóò fi sìn mí, kí ni yóò sì máa jẹ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan? Ohun tí a san lọ́jà kì í ṣe gbogbo owó ọjà. Ìyókù ń dúró dè wá nílé.

Ìbéèrè

1. Báwo ni ẹni tí ó ra korobá ₦1,500 ṣe ná ju ẹni tí ó ra ti ₦4,500 lọ?
2. Dárúkọ irú ọ̀pọ̀ mẹ́ta tí a mẹ́nu bà, kí o sì fi àpẹẹrẹ láti ilé yín gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀.
3. Kí ni ìwúlò èésú fún ẹni tí ó fẹ́ ra ohun èlò tí ó dára?
4. Kọ àròkọ lórí ohun kan tí àwọn ará ilé rẹ rà ní ọ̀pọ̀, kí o sì ṣírò iye tí ó ná wọn títí dé òpin.