FÍFỌ RỌ́Ọ̀GÌ LÁÌBA OHUN TÓ YÍ I KÁ JẸ́

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lé iṣẹ́ kan tí a sábà máa ń gbé fún àwọn oníṣẹ́ nígbà tí Rámádáánì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, èyíinì ni fífọ rọ́ọ̀gì mọ́sálásí àti ti yàrá àlejò ilé wa.

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ ohun tí ọyẹ́ máa ń ṣe. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni atẹ́gùn rẹ̀ ń gbé eruku wá bá wa láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú eruku náà sì ń ti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Ìdí okùn rọ́ọ̀gì ni eruku yìí ń jókòó sí, nítorí náà kò sí bí a kò ṣe ní fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni a ti rí i pé nígbà tí rọ́ọ̀gì bá mọ́ tán, ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri ti bó, ẹsẹ̀ mímbárì ti wú, mábù ibi tí lèmọ́ọ̀mù ń dúró sí ti ṣú. Ẹni tó fọ̀ ọ́ ti gba owó rẹ̀ lọ; ìjọ ni yóò tún dá owó fún káfíńtà àti akunlé. Bẹ́ẹ̀, owó tí àwọn ìyá wa ń yọ nínú èrè ọjà ni a fi kọ́ ibẹ̀.

ÌPÌLẸ̀ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ

Àwọn onímọ̀ fíkíìhì ti fi í ṣe òpó òfin pé a kì í fi ìpalára kan lé ìpalára mìíràn lọ. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ará oko kan tọ̀ sínú mọ́sálásí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ̀dínà. Àwọn sàhábà fẹ́ dìde sí i, ṣùgbọ́n Ànọ́bì ní kí wọ́n jẹ́ kí ó parí. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n da garawa omi kan sí ojú ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé bí wọ́n bá lé e dìde, yóò pa á lára, ìtọ̀ náà yóò sì tàn ká aṣọ rẹ̀ àti ibòmíràn nínú mọ́sálásí. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: wọn kò jẹ́ kí ẹ̀gbin kúrò lójú kan, ojú kan náà ni wọ́n sì tọ́jú, pẹ̀lú omi tó ní ìwọ̀n.

Erùpẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́sálásí náà nígbà yẹn, erùpẹ̀ a sì máa fa omi mu. Símẹ́ńtì abẹ́ rọ́ọ̀gì tiwa kì í fà á bẹ́ẹ̀. Omi tí a bá dà lé e láìníwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ògiri àti ìdí igi ni yóò gbà lọ.

OHUN MẸ́TA TÍ Ń ṢE ÌBÀJẸ́

Ìkíní ni omi. Ògiri a máa fa omi sókè bí òwú àtùpà ti ń fa epo, ọ̀dà yóò sì bó. Pákó a máa wú. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀gbo igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, bí irú ti kọ́bọ́ọ̀dù òde òní, bó bá ti wú kì í sọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ àga onírin a máa yọ ìpatà sára rọ́ọ̀gì tútù, igi tí a kùn a sì máa tú àwọ̀ sí i. Àwọn rọ́ọ̀gì mìíràn sì wà tó jẹ́ okùn àpò ìdọ̀họ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn wọn. Bí omi bá pọ̀ jù nínú wọn, àwọ̀ pupa rúsúrúsú yóò yọ sójú wọn.

Ìkejì ni oògùn. Bílíìṣì máa ń jẹ rọ́ọ̀gì tí a fi irun àgùntàn hun, ó sì máa ń ṣí àwọ̀ kọ́tíìnì. Ásíìdì, fínígà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ mábù àti tẹ̀rásò, nítorí pé èròjà tó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín ló wà nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì ilé ìgbẹ́ tàbí amóníà láé. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ìkẹta ni ohun èlò. Rọ́bà ẹ̀rọ tí wọ́n ń wọ́ kiri a máa họ igun ògiri àti férémù ilẹ̀kùn. Garawa tútù tí a gbé lé orí tábìlì a máa fi àmì sílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń DÁÀBÒ BO OHUN TÓ YÍ I KÁ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí omi tó kan rọ́ọ̀gì ni ìṣọ́ra ti ń bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ kó ohun tó ṣeé gbé jáde. Àwọn Àlùkùránì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ sí yàrá mìíràn, sí ibi gíga tó gbẹ.

2. Ẹ gba eruku gbígbẹ kúrò ná, yálà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa eruku tàbí ìgbálẹ̀. Eruku tí omi bá bá níbẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

3. Ẹ pa iná apá ibẹ̀ láti orísun rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ẹ̀rọ bá nílò iná, láti yàrá mìíràn ni kí a ti fà á wá.

4. Ẹ fi ọ̀rá bo ìsàlẹ̀ ògiri dé ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ fi téèpù tí àwọn akunlé ń lò dè é. Ẹ ká kọ́tíìnì sókè. Ohun tí kò ṣeé gbé, bí mímbárì, kí ẹ fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Igun tí rọ́bà ẹ̀rọ yóò gbà kọjá, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì àlòkù bò ó.

5. Ẹ dán oògùn wò ní kọ̀rọ̀. Ẹ kán an sí ibi tí ojú kò tó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá bá aṣọ náà jáde, ẹ má lò ó.

6. Láti kọ̀rọ̀ tó jìnnà ni kí wọ́n ti máa fọ̀ ọ́ bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri àti ìdí igi kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Aṣọ tí a fún dáadáa ni kí wọ́n fi nù ún. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti tú omi lẹ́ẹ̀kan, kí ó fà á lẹ́ẹ̀mejì.

7. Bí wọ́n bá ti parí, ẹ tú ọ̀rá kúrò kíákíá kí omi má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé. Kí rọ́ọ̀gì gbẹ kí wákàtí 24 tó pé; bó bá tutù kọjá wákàtí 48, ó lè bu kí ó sì máa rùn. Nítorí náà ni kò fi dára láti fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí òjò ṣú.

Bó bá jẹ́ nájísì ló kàn án, ẹ fi aṣọ fa èyí tó ṣì tutù kúrò, ẹ da omi mímọ́ sí ojú ibẹ̀ níwọ̀n, ẹ sì tún fà á títí àpẹẹrẹ rẹ̀ yóò fi lọ. Lọ́fínńdà kò rọ́pò omi.

ÀDÉHÙN PẸ̀LÚ ONÍṢẸ́

Nínú mas-hab Maliki tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń san ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́ bó bá bàjẹ́, àyàfi bí ẹ̀rí bá wà pé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló ti wá. Bákan náà, ẹni tó bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ yóò san án, kódà bí kò mọ̀ọ́mọ̀. Àríyànjiyàn ibẹ̀ ni pé: ta ló mọ̀ bóyá àbàwọ́n ògiri ti wà kí ó tó dé?

Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí aṣojú ìjọ àti oníṣẹ́ jọ rìn yí ilé ká. Kí wọ́n kọ ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, oògùn tí yóò lò, owó rẹ̀, àti ẹni tí yóò bo ẹ̀gbẹ́. Ọlọ́hun Ọba pa á láṣẹ nínú Suratul Bakọra, áyà 282, pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀, ọgbọ́n kan náà sì ni a ó lò níhìn-ín. Bí oníṣẹ́ bá jẹ́ ọmọ Hausa, ẹ kọ ọ́ ní èdè tí yóò kà. Ìwé yìí ń ṣọ́ dúkìá wa, ó sì ń ṣọ́ ọmọlọ́mọ̀ kí a má di ẹ̀bi tí kò jẹ rù ú. Àwa tí a jẹ́ àlejò láàárín ìlú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àbàwọ́n ògiri di ìjà láàárín àwa àti aládùúgbò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Kí ni a rí kọ́ nínú bí Ànọ́bì ṣe ní kí wọ́n jẹ́ kí ará oko náà parí?
2. Èwo nínú ohun tó yí rọ́ọ̀gì mọ́sálásí wa ká ni omi lè tètè bàjẹ́?
3. Ta ni yóò bá oníṣẹ́ rìn yí ilé ká nígbà tí a bá tún fẹ́ fọ̀ ọ́?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lè ṣọ́ àmánà tó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.