Ohun tí Ẹ̀fọn Fi Ń Mọ Ẹni Tí Yóò Jẹ

Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí pé láti inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń rí ohun tí yóò fi ṣe ẹyin. Akọ kì í jẹ ènìyàn rárá, omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ tirẹ̀, abo náà a sì máa mu nínú rẹ̀ nígbà tí kò bá wá ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tí kò wúwo tó ẹyọ ìrẹsì kan yìí a máa wá ènìyàn rí nínú òkùnkùn biribiri, bí ènìyàn mẹ́fà bá sì sùn sí yàrá kan, a máa fi ẹnì kan sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú ni ó fi ń ṣe é, àwọn mìíràn ní iná tí wọ́n tàn sílẹ̀ ni ó ń tọ̀. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé imú ni ó ń ṣíwájú, ojú a tẹ̀ lé e, ooru ara a sì parí iṣẹ́. Bí imú kò bá tíì gbọ́ nǹkan kan, ojú ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀fọn kì í ṣe oríṣi kan. Ní Sabon Gari, àdúgbò tí ìjọba òyìnbó yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú Kánò fún àwọn àlejò láti ìhà gúúsù lẹ́yìn tí rélùwéè dé ibẹ̀ ní 1911, tí àwọn ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta sì sọ di ilé, oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí olùgbé mọ̀. Èkíní ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anopheles, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà, tí ó máa ń yé ẹyin sínú omi òjò tí ó dá rogún, tí ìdí rẹ̀ máa ń ga sókè bí ó bá bà sára ògiri, tí ó sì ń jẹ ènìyàn láti alẹ́ títí di ìdájí, pàápàá jù lọ nígbà tí òru bá ti jìn. Èkejì ni Culex, tí omi ìdọ̀tí inú gọ́tà tẹ́ lọ́rùn, òun ni ó sì sábà máa ń kùn yunmu létí àwọn tí yàrá wọn kọjú sí gọ́tà tí kò ṣàn. Ẹ̀kẹta ni Aedes, dúdú tí ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, tí ń jẹ ènìyàn lójú ọ̀sán, tí ó ń yé ẹyin sínú táyà àlòkù, ìkòkò àti agolo tí òjò rọ sí, tí ó sì ń gbé ibà pọ́njú kiri.

Afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí jáde yàtọ̀ sí èyí tí ó fà sínú, nítorí pé kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe afẹ́fẹ́ tí ara ń dà nù lẹ́yìn tí ó bá ti lo oúnjẹ tán. Imú ènìyàn kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ní ẹ̀yà tín-ín-rín méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹnu rẹ̀ tí ó fi ń gbọ́ ọ, bí atẹ́gùn bá sì gbé e wá, ó lè gbọ́ ọ láti ibi tí ó ju mítà 10 lọ. Èémí kì í tàn káàkiri lọ́gbọọgba. Atẹ́gùn a máa já a ní ègé-ègé bí èéfín àdògán. Ẹ̀fọn tí ó bá kan ègé kan a kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, a sì fò síwájú. Bí òórùn náà bá sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, a yà sọ́tùn-ún, a yà sósì, títí yóò fi tún bá a pàdé. Ìwo méjì tí ó wà lórí rẹ̀, tí irun wẹ́wẹ́ bò, ni ó fi ń gbọ́ òórùn awọ àti òógùn.

Ojú ẹ̀fọn kan jẹ́ àkójọ ojú wẹ́wẹ́ tí ó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ibi kékeré kan ṣoṣo, nítorí náà ohun tí ó ń rí kì í mọ́ kedere: kò lè dá ẹnu mọ̀ yàtọ̀ sí imú, ṣùgbọ́n ó lè rí òjìji, ó lè rí ohun tí ń mira, ó sì mọ àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ní ìgbì, gígùn ìgbì náà ni ó sì ń sọ irú àwọ̀ tí ojú yóò rí. Kúkúrú ni ti elésè àlùkò àti búlúù, ti àwọ̀ ewé wà láàárín, ti àwọ̀ ọsàn àti ti pupa ni ó gùn jù nínú èyí tí ènìyàn lè rí. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, tí Jeffrey Riffell jẹ́ olórí wọn, kó abo Aedes sínú àpótí gígùn kan tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n fi àmì róbótó aláwọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi kámẹ́rà tọpa bí ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan ṣe ń fò. Níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn náà kò ní kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì kún un, wọn kò ka àmì kankan sí, ìbáà jẹ́ pupa, ìbáà jẹ́ dúdú. Bí wọ́n ti tú u sí i báyìí, àwọn ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sídìí àmì pupa, àmì aláwọ̀ ọsàn, àmì dúdú àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fẹ́ jọ ewé, ṣùgbọ́n wọn kò náání àwọ̀ ewé, búlúù gidi, elésè àlùkò àti funfun. Nígbà tí wọ́n lo ẹ̀fọn tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó má lè gbọ́ èémí mọ́, kò sí àwọ̀ tí ó wù ú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ pé pérépéré.

Apá tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni ti awọ ènìyàn. Ìbáà ṣe ti adúláwọ̀, ìbáà ṣe ti òyìnbó, ìhà pupa àti ọsàn ni ìmọ́lẹ̀ tí ń ta láti ara awọ pọ̀ sí jù, ìhà yìí gan-an ni ojú ẹ̀fọn sì ń wá. Nígbà tí wọ́n fi asẹ́ ìmọ́lẹ̀ dá ìgbì gígùn dúró, tàbí tí ẹni tí ó na ọwọ́ sí wọn wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ewé, ẹ̀fọn kò fò tọ̀ ọ́ mọ́.

Sabon Gari ní ìdí tirẹ̀ láti fetí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti àwọ̀ ara yìí. Lẹ́yìn tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní India ní 1897, àwọn kan nínú àwọn dókítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn pé kí òyìnbó máa gbé jìnnà sí àwọn ará ìlú, nítorí pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé adúláwọ̀. William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, kò gba ìmọ̀ràn náà. Kuníìnì, oògùn ibà, fún tẹrú-tọmọ ni ó fara mọ́. Lugard, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó di gómìnà àgbà Nàìjíríà lẹ́yìn náà, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní tirẹ̀, ìlànà ìjọba rẹ̀ sì ní kí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 400, wà láìsí ilé láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti adúláwọ̀, kí ẹ̀fọn má baà lè fò ó já. Ẹ̀fọn nìkan kọ́ ni ó mú kí Kánò pín sí Nassarawa fún òyìnbó, Sabon Gari fún àwọn ará gúúsù, àti ìlú inú odi fún àwọn onílé, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ṣe àwíjàre nígbà tí ó bá kan ìlera. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Anopheles a máa fò ju kìlómítà kan lọ, àwọn olùwádìí ní Mali tilẹ̀ fi bàlúùnù gbé àwọ̀n mú un lókè réré níbi tí ìjì ń gbé e lọ. Ó sì yẹ kí ènìyàn béèrè ohun tí ìlànà náà ń dáàbò bò gan-an, nígbà tí ó gba alásè àti ọmọ ọ̀dọ̀ láàyè láti máa sùn ní bọ́ìsì kọ́tà inú ọgbà òyìnbó kan náà.

Bí ẹ̀fọn bá ti sún mọ́ ènìyàn dé ibi tí kò tó mítà kan, ooru a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú. Ara ń tan ìtànṣán ooru, èyí tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ tí ojú kò sì lè rí, ní 2024 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California, ní Santa Barbara, sì fi hàn pé ṣóńṣó ìwo Aedes ń gba ìtànṣán yìí láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70, bí èémí àti òórùn ènìyàn bá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ tí ó fún mọ́ ara kì í dí i lọ́wọ́ tó bùbá tàbí kàfùtánì tí ó fẹ̀, nítorí pé ooru a ti fọ́nká kí ó tó jáde láti inú aṣọ tí ó fẹ̀.

Nípa ìdí tí ẹ̀fọn fi ń jẹ ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún dùn. Òórùn awọ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní Yunifásítì Rockefeller, ní New York, àwọn olùwádìí ní kí ènìyàn 64 wọ ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù sí apá, wọ́n sì fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀nyí dán ẹ̀fọn wò. Àwọn tí ẹ̀fọn ń ṣù bò jù ni awọ wọn ní àwọn ásíìdì kan lọ́pọ̀, tí ó ń wá láti inú ọ̀rá ara, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yí padà fún ọdún mélòó kan. Ní Gambia, ìwádìí ọdún 2000 rí i pé aboyún ń fa ẹ̀fọn tó ìlọ́po méjì obìnrin tí kò lóyún, nítorí pé èémí rẹ̀ pọ̀ jù, ara rẹ̀ sì gbóná jù. Ní Burkina Faso, ní 2010, àwọn onímọ̀ fún àwọn ọkùnrin kan ní dolo, ọtí ọkà bàbà tí kò jìnnà sí bùrùkùtù, wọ́n fún àwọn mìíràn ní omi lásán, Anopheles sì tọ àwọn tí ó mu ọtí ju ti ìṣáájú lọ, àwọn tí ó mu omi kò sì yí padà. Sabon Gari ni àwọn tí ń mutí ní Kánò ń rọ́ lọ, nítorí òfin ṣàríà, ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú gidigidi.

Ewu ìta yìí hàn nínú ọ̀rọ̀ Garki, àgbègbè abúlé àti ìletò tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kánò nígbà náà, tí ó ti di ara Jígáwá báyìí. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí ó wáyé láti 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà fín oògùn propoxur sára ògiri inú ilé níbẹ̀, kí ẹ̀fọn tí ó bá jẹun tán tí ó sì fẹ́ sinmi lè kú síbẹ̀, wọ́n sì pín oògùn ibà ní àwọn abúlé kan. Ẹ̀fọn dín kù, ibà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán, nítorí pé apá kan nínú àwọn Anopheles náà kì í sinmi sínú ilé. Ẹni tí ó bá ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá nígbà ooru Kánò, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nílò nẹ́ẹ̀tì níta gẹ́gẹ́ bí ó ṣe nílò rẹ̀ nínú yàrá.

Àwọn onímọ̀ ti ń fi ohun tí ẹ̀fọn ń wá dẹ páńpẹ́ fún un báyìí. Ní Burkina Faso, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2017, wọ́n jẹ́ kí òórùn ẹni tí ó wà nínú àgọ́ gba inú ọ̀pá jáde sídìí ohun dúdú kan, wọ́n mú ohun dúdú náà gbóná tó ara ènìyàn, wọ́n sì fi àtè bò ó. Anopheles tí àtè náà mú lóru fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ó bà lé ẹsẹ̀ ènìyàn tí ó jókòó fún un.