Orin wo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ̀kọ́ òwò lára Sunny Adé àti Rema

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ìpolówó: nínú gbogbo ọjà tó wà lórí àtẹ yín, èwo gan-an lẹ fẹ́ polówó? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ni kì í bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Owó ọwọ́ wọn ò tó nǹkan, síbẹ̀ wọ́n á pín in sórí ọjà mẹ́wàá. Bí ọdún bá parí, wọn ò ní lè sọ èyí tó mú èrè wá àti èyí tó jẹ owó.

Àwọn olórin àti ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orin tó wà nínú àwo kan lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síta. Òun làwọn ọ̀dọ́ ń pè ní single. Orin yìí ló máa lọ lanà fáwọn yòókù. Bí wọ́n ṣe ń yàn án ni ẹ̀kọ́ wa tòní fún ẹni tó ń ránṣọ, tó ń ta oúnjẹ tàbí tó ní ìsọ̀ kékeré ní Bọ́lọ́rundúró. A ò sì ní lọ jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ, nítorí ọmọ ọba Oǹdó ni King Sunny Adé.

Ẹ wo ẹni tó ti ń dúró de ọjà

Láwọn ọdún 1960, àwo kékeré olójú méjì ni wọ́n ń lò. Ojú kọ̀ọ̀kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, nítorí náà, dandan ni kí olórin yan èyí tó máa fi síbẹ̀. Ní 1967, ilé iṣẹ́ African Songs, tó jẹ́ ti Olóyè Bọ́lárìnwá Abíórò, gbé orin Sunny kan tó ń jẹ́ Alánú l'Olúwa jáde. Ohun táwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ ni pé ẹyọ 13 péré ló tà. Kò pẹ́ sígbà náà tó ṣe Challenge Cup, orin tó fi yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ti Èkó. Ìyẹn ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri.

Ohùn rẹ̀ ò yí padà láàárín orin méjèèjì. Lójú tiwa, ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀, inú wọn ń dùn, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣàjọyọ̀. Orin náà bá wọn lórí ìdúró. Ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù lè má jẹ́ èyí tí oníbàárà ń wá.

Ẹ dán an wò nílé kẹ́ ẹ tó gbé e jìnnà

Ní 1982, Island Records ti London, ilé iṣẹ́ tó ta orin Bob Marley fún aráyé, gbé àwo Juju Music jáde fún Sunny. Ní 1983, wọ́n gbé Synchro System jáde. Ẹ kíyè sí i pé Synchro System kì í ṣe orin tuntun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jó o láwọn ọdún 1970. Èyí tó ti tà nílé ni wọ́n gbé lọ sókè òkun.

Ṣùgbọ́n wọn ò gbé e lọ bó ṣe wà. Nílé, orin jùjú lè gba odindi ojú àwo kan láìdánu dúró, torí àwọn tó wà lóde àríyá fẹ́ jó títí. Rédíò òkè òkun ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá gé àwọn orin náà kúrú. Ọjà kan náà ni, bí wọ́n ṣe dì í ló yàtọ̀. Gaàrí tẹ́ ẹ ń wọ̀n ní kóńgò fún ará àdúgbò, inú nylon tó mọ́, tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lára, ló yẹ kó wà fún ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́.

Ẹ má tètè jáwọ́

Rema, ọmọ Bìní tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ Mavin tí Don Jazzy dá sílẹ̀, gbé orin Calm Down jáde ní oṣù kejì ọdún 2022. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n tún un gbé jáde, Selena Gomez ti Amẹ́ríkà sì bá a kọ ọ́. Ọdún 2023 ló tó dé ipò kẹta lórí àtẹ Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi ń ti orin kan ṣoṣo lẹ́yìn. Mélòó nínú wa ló máa ń fún ọjà tuntun ní oṣù mẹ́ta kó tó sọ pé kò tà?

Ẹ má gbàgbé ilé

Àwo Aura tó jáde ní 1984 ò tà tó bí Island ṣe fẹ́, wọ́n sì pínyà. Òwò Sunny ò torí ẹ̀ parẹ́. Láti ìgbà tí òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti pínyà ní 1974 ló ti dá Sunny Alade Records sílẹ̀, àwọn oníbàárà ilé ò sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí oníbàárà ńlá láti Èkó bá dé, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lé ará àdúgbò dànù.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ká sọ pé ìyá kan ní ìsọ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, tó ń ta gaàrí, epo pupa, ẹ̀pà àti ìpékeré, owó òwò rẹ̀ sì jẹ́ ₦60,000. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyí:

1. Kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ohun tó ń tà lójoojúmọ́ sínú ìwé, àti èrè orí rẹ̀. Bó bá ta kóńgò gaàrí 40 lọ́sẹ̀, tó jèrè ₦100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦4,000 nìyẹn. Bó bá ta ìpékeré 150, tó jèrè ₦40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦6,000 nìyẹn. Ìpékeré ló borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gaàrí ló ń gba owó ńlá.

2. Kó wo èyí táwọn èèyàn ń padà wá béèrè. Ìyẹn ni single tirẹ̀.

3. Kó fi ₦30,000 ti ọjà yìí lẹ́yìn, kó pín ìyókù sórí àwọn tó kù. Kó má pa wọ́n tì o, torí ẹni tó wá ra ìpékeré lè ra epo.

4. Kó fún un lórúkọ, kó sì fún àwọn awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó ní díẹ̀ tọ́ wò. Awakọ̀ ni rédíò tirẹ̀; àwọn ló máa sọ fún èrò ọkọ̀.

5. Kó fún un ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kó tó pinnu.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Kẹ́ ẹ tó ṣí ìsọ̀ lọ́la, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọjà yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé: bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni mo lè gbé síwájú, èwo ni oníbàárà mi máa bá mi yàn?