Omi Kọ́ Ni A Fi Ń Fọ Oògùn Ọkà

Oògùn oníhóró tí àwọn oníṣòwò máa ń fi sí ṣitọ́ọ̀ àgbàdo, ẹ̀wà àti ìrẹsì kọ́ ló ń pa kòkòrò fúnra rẹ̀. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á. Alumíníọ̀mù fọ́sífáìdì ni orúkọ oògùn náà. Phostoxin ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà mọ̀ ọ́n sí. Hóró ńlá kan wúwo tó gíráàmù 3, ó sì lè tú gáàsì tó wúwo tó gíráàmù 1 jáde. Fọ́sífìnì ni orúkọ gáàsì yìí. Òun ló ń pa kòkòrò, òun ló ń pa eku, òun náà ló ń pa ènìyàn.

Omi ló ń jí gáàsì yìí. Níwọ̀n ìgbà tí hóró bá wà nínú agolo tí a dé pinpin, gáàsì kò ní jáde. Bí a bá ṣí agolo, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ti inú ọkà á bẹ̀rẹ̀ sí í jí i díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi tapólì bo àwọn àpò ọkà, tí wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn ṣitọ́ọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ewu ńlá dé nígbà tí omi púpọ̀ bá kan hóró lẹ́ẹ̀kan náà: bí òrùlé bá ń jò, bí àgbàrá bá ya wọ ṣitọ́ọ̀, bí agolo tó ti lu bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, tàbí bí ẹnìkan bá gbé omi wá láti fi fọ èyí tó dà sílẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe wà

Ọ̀rọ̀ fífi omi fọ oògùn tó dà sílẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì gbọ́. Láti kékeré ni ọmọ ti ń rí i pé omi ni a fi ń fọ ìdọ̀tí, omi sì ni a fi ń pa iná. Nítorí náà, bí oògùn ọkà bá dà sílẹ̀, ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ sí ibi tí garawa omi wà. Ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ dúró. Omi kì í pa oró oògùn yìí. Ńṣe ló ń jí i.

Ẹni tó bá ti dúró ní ìsọ̀ wẹ́dà rí ti rí bí kábáìdì ṣe máa ń hó nígbà tí omi bá kàn án, tí gáàsì tí wẹ́dà fi ń jó irin á sì máa jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi ń ṣe sí hóró oògùn ọkà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé májèlé ni ti oògùn ọkà. Bí ó bá sì pọ̀ jù lójú kan, ó lè gbiná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣá iná sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ní ìlú Amarillo ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n fi oògùn yìí sábẹ́ ilé kan. Nígbà tí òórùn rẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu, baba ilé náà fi omi fọ̀ ọ́. Omi jí gáàsì, gáàsì gba abẹ́ ilé wọ yàrá, ọmọ 4 sì kú. Baba náà kò gbèrò ibi. Ó fẹ́ fọ ohun tó ń rùn kúrò ni.

Ní òru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1984, omi wọ inú tánkì kẹ́míkà kan ní ilé iṣẹ́ apakòkòrò oko ní ìlú Bhopal, ní Íńdíà. Kẹ́míkà ibẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ṣitọ́ọ̀ ọkà, ṣùgbọ́n omi ló jí òun náà. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 40 gáàsì ló tú síta lórí àwọn tó ń sùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú.

Nítorí náà, kí a tún un sọ. Bí oògùn ọkà bá dà sílẹ̀, a kì í da omi sí i. Bí ó bá ń rùn, a kì í da omi sí i. Bí ó bá gbiná, a kì í da omi sí i. Yanrìn gbígbẹ ni a fi ń bò ó, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló sì yẹ kó ṣe é.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ènìyàn jáde, kí wọ́n sì máa pariwo fún àwọn tó kù bí wọ́n ti ń jáde. Kò sí owó, fóònù tàbí ìwé gbèsè tó tó ohun tí a ń padà wọlé lọ mú. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ ni a ń sá lọ, nítorí pé atẹ́gùn ló ń gbé gáàsì lọ síwájú. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀; ó lè rọ̀ sílẹ̀ sínú gọ́tà àti ibi tó bá gẹ̀rẹ̀. Orí ilẹ̀ tó ga ló dára láti dúró sí.

Lẹ́yìn náà, kí a kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò, pàápàá àwọn tí ògiri kan ṣoṣo ya yàrá wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ṣitọ́ọ̀. Gáàsì ń gba ojú ihò ògiri kọjá. Kí a jí ẹni tó ń sùn, kí a gbé ọmọdé jáde.

Nọ́ńbà 112 ni a ń pè ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí panápaná gbọ́dọ̀ gbọ́ ni pé oògùn ọkà ló dà, pé kò gbọdọ̀ kan omi. Kí a sọ orúkọ tó wà lára agolo bí a bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sọ pé “iná ni” nìkan ti fẹ́ mú kí panápaná gbé omi wá.

Bí ẹnìkan bá ti ṣubú sínú ṣitọ́ọ̀, kí ẹlòmíràn má ṣe sáré wọlé lọ gbé e. Ó le láti gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni kejì bá wọlé, òkú lè di méjì. Áńkáṣíìfù kò lè dá gáàsì yìí dúró, ìbòmú ilé ìwòsàn kò lè dá a dúró, aṣọ tí a rẹ sínú omi náà kò lè dá a dúró. Ẹni tó gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn nìkan ló lè wọlé.

Òórùn gáàsì náà dà bíi ti aáyù tàbí ẹja tó ti rà. Ṣùgbọ́n àìgbóòórùn kì í ṣe ẹ̀rí pé ewu ti kọjá. Ó lè tó èyí tí yóò ṣe ènìyàn léṣe kí imú tó gbọ́ ọ.

Ìtọ́jú ẹni tó fà á símú

Orí fífọ́, òòyì, èébì, ikọ́, àyà fífún àti àìlèmí dáadáa ni àmì rẹ̀. Kí a gbé ẹni náà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Bí lẹ́búlẹ́bú oògùn bá wà lára rẹ̀, ní gbangba ìta ni kí a ti bọ́ aṣọ rẹ̀, kí a sì gbọn lẹ́búlẹ́bú náà dànù ní gbígbẹ kí omi tó kàn án. Kí a má ṣe fi ẹnu kan ẹnu rẹ̀ láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kí a má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu: epo kò lè lé gáàsì kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pá ẹni tó ti dákú lórí.

Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró fọ́sífìnì. Dókítà ló lè ran èémí àti ọkàn lọ́wọ́. Kódà ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé omi lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ojúṣe ẹni tó ni ṣitọ́ọ̀

Kí òjò tó dé ni a ń tún òrùlé ṣe. Ibi gíga tó gbẹ, tó ní kọ́kọ́rọ́, tó sì jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn ni oògùn ọkà ń gbé. A kì í tú u sínú ọ̀rá fún títà ní hóró kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó rà á kò ní rí ìkìlọ̀ tó wà lára agolo kà. Alábàárù àti ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ nígbà tí oògùn bá wà nínú ṣitọ́ọ̀. Ẹni tó fi í pa mọ́ fún wọn nítorí iṣẹ́ kan ti fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, kí olówó má ṣe purọ́ fún dókítà tàbí panápaná nítorí ìtìjú. Òtítọ́ tó sọ lè gba ẹ̀mí là.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò nílò oògùn rárá. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ń pa kòkòrò ẹ̀wà nítorí pé kòkòrò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ kò pọ̀ kò ní ìdí láti fi májèlé sínú ilé.

Kí ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ yìí sọ ọ́ fún ẹni tí kò lè kà á, pàápàá àwọn tó ń ru àpò ọkà lójoojúmọ́: bí oògùn ọkà bá dà, kí wọ́n gbé garawa omi sílẹ̀, kí wọ́n jáde, kí wọ́n pe 112.