Ẹ Dágbére fún Ọmọ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó bí mi nínú nígbà tí wọ́n pa á mọ́ ìyàwó kan lórí níbi ìpàdé ẹbí ní Fidjrossè, ní Kútọnu. Ẹjọ́ ibẹ̀ kò ju èyí lọ: bí obìnrin náà bá fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ ní Pobè, ọkọ á ti jáde nílé kí ìyàwó tó dágbére, kò ní gbé fóònù, bí ìyàwó bá sì dé, á máa ṣe bí àlejò sí i. Àwọn àgbà ní obìnrin ni kò gba ẹ̀kọ́ ilé, ni kò fi lè jókòó ti ọkọ.

Ẹ̀kọ́ ilé ta ni? Ọkọ yìí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi mú un wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Kútọnu, vidomègon lẹ́nu àwọn Fọ̀n, ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ rán an lọ ra àkàrà. Kó tó dé, ìyá ti wọ mọ́tò. Ẹ̀rín ni ẹbí fi ń ròyìn rẹ̀ títí dòní.

Mo kórìíra yíyọ́ lọ yìí. Òfin ọdún 2006 ní Benin ní kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí. Kò sí òfin tó lè mú ìyá dágbére. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sunkún! Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó padà wá wò ó, kí ẹ sì wá lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá pè lórí fóònù, òun gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Mary Ainsworth, onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé, lọ wo ìdílé 26 lẹ́bàá Kampala ní 1954, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tètè mọ ohun tó ń fẹ́ ló ń fi í sílẹ̀ lọ ṣeré láìbẹ̀rù.

Síbẹ̀, òwe náà kò pé. Ní California, onímọ̀ ìhùwàsí mìíràn, Mary Main, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí àgbàlagbà tí ìyà jẹ nílé, ṣùgbọ́n tó lè rò ó láìbò ó, láìfi ṣẹ̀fẹ̀, tí ọkàn ọmọ tirẹ̀ sì balẹ̀ sí i lára. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà tí ìta la ti ń kó o wọlé, lọ́wọ́ ìyàwó tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kó má ṣáà fi “mo ń lọ” dẹ́rù ba ọkọ rẹ̀ nígbà ìjà.

Ọkọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kó gbé fóònù. Kó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun bí ìyàwó kò bá sí nílé. Bí kò bá lè sọ ọ́ lójú àwọn àgbà, kó sọ ọ́ ní yàrá.