Kílò Mẹ́ta Ààbọ̀ Kì Í Ṣe Òfo

Ẹni ọdún 43 ni mí, aṣọ òkìrìkà ni mò ń tà ní Ọ̀jọ́. Nígbà tí mo lọ yẹ ara mi wò, ìwọ̀n ní kílò 92 ni mí. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga, ó ní ṣúgà inú rẹ̀ náà ti ń gòkè ṣùgbọ́n kò tíì di àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé, mo ti jáwọ́ nínú mínírà, mo ti dín òkèlè alẹ́ kù. Ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, Ìyànà Ìbà ni mo ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, màá fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn dé Òkokomáìkò. Kílò mẹ́ta ààbọ̀ péré ló lọ. Mo wá lọ sí òde kan ní Ìbà ní Sátidé, nígbà tó di Mọ́ńdè, kílò kan ààbọ̀ ti padà wọlé. Mo sunkún. Aládùúgbò mi mu tíì kan tí wọ́n ń kiri nínú mọ́tò, kílò mẹ́rin lọ lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣé kí n ra tèmi?
Ìyá Aláṣọ, Òkokomáìkò

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìrójú. Ẹ má ra tíì yẹn. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, torí ẹni tó ń tà á lè wọ ọkọ̀ yín lọ́la.

Mi ò ní máa pa òwe sùúrù fún yín. Obìnrin tó dúró sídìí ọjà láti àárọ̀, tó tún ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá lára rẹ̀, ti ní sùúrù. Ìṣirò ni mo fẹ́ ká jọ ṣe, torí mo gbà pé ìṣirò tí ẹ ń bá ìwọ̀n ṣe ló ń pa yín lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òde Ìbà yẹn ná. Kí ọ̀rá kílò kan tó kún ara ènìyàn, onítọ̀hún á ti jẹ nǹkan bíi kálórì 7,700 kọjá èyí tí ara rẹ̀ lò. Ti kílò kan ààbọ̀ á lé ní 11,000. Obìnrin tó tóbi tó yín, tó ń ṣe kòókòó jàn-án-jàn-án lọ́jà, sábà máa ń lo nǹkan bíi 2,000 sí 2,400 lóòjọ́. A jẹ́ pé kó tó lè jẹ́ ọ̀rá ni ìwọ̀n rí ní Mọ́ńdè, ẹ ní láti ti jẹ nǹkan bí oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún lé ti ọjọ́ náà lórí, lórí ìjókòó kan. Ta ló lè jẹ ẹ́?

Omi ni. Jọ̀lọ́ọ̀fù òde kì í ṣàìní iyọ̀ àti magí, iyọ̀ a sì máa dá omi dúró sára. Ìrẹsì náà, bó bá ti di ṣúgà nínú ara, ara á kó díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan tó bá sì kó pamọ́, nǹkan bíi gíráàmù omi mẹ́ta ló ń bá a wọlé. Èyí tí kò tíì dà nínú ìfun ní ìwúwo tirẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá wá súnmọ́, omi á tún lé sí i. Tí ẹ bá padà sí oúnjẹ yín, láàárín ọjọ́ díẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tún gun ìwọ̀n ní Mọ́ńdè tó bá tẹ̀lé òde.

Omi yìí kan náà ló tan aládùúgbò yín. Ewé senna wà nínú ọ̀pọ̀ tíì tí wọ́n ń tà fẹ́ni tó fẹ́ rù. Inú ló ń ṣí. Ìgbẹ́ àti omi ló ń gbé jáde, ọ̀rá ikùn ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá mu ún pẹ́ lè pàdánù èròjà pọtásíọ́mù tí ọkàn fi ń lù déédéé, kì í sì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ga ló yẹ kó fi ìyẹn ṣeré. Òmíràn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010 ni wọ́n kó oògùn kan tó ń jẹ́ sibutramine kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, torí pé ó ń dá kún àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ti bá a léraléra nínú tíì àti kápúsù ìrù, láìsí orúkọ rẹ̀ lára páálí. Ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ga.

Wàyí o, kílò mẹ́ta ààbọ̀ tí ẹ fi “péré” sí nídìí. Ní 2002, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Ènìyàn 3,234 ni wọ́n tẹ̀lé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, gbogbo wọn ni ṣúgà wọn ti ń gòkè bíi tiyín, aláwọ̀ dúdú ò sì kéré láàárín wọn. Wọ́n ní kí ọ̀wọ́ kan dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa fi 150 ìṣẹ́jú nara lọ́sẹ̀, irú bíi ká rìn kánkán. Àtọ̀gbẹ tó mú àwọn wọ̀nyí fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Oògùn metformin pàápàá, ìdá 31 ló lè dín in kù.

Ìdá 7 nínú kílò 92 kò pé kílò méje, mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Ẹ ti yọ mẹ́ta ààbọ̀, ẹ ti kọjá ìdajì. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yín, lọ́nà márùn-ún, 150 gẹ́lẹ́ ni. Olùkọ́ ń bẹ lọ́rùn àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ 24, ìdajì wọn ló tíì dé ìdá 7 náà. Ẹ̀yin wà ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ̀yin nìkan, lójú títì Badagry. Inú mi dùn sí yín gidi.

Ẹ ò sọ bí ẹ ṣe ń sùn, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ń gbé Òkokomáìkò tó sì fẹ́ tètè débi iṣẹ́, òkùnkùn ló ń bá jáde, gosiló sì lè dá a dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Chicago mú ènìyàn mẹ́wàá, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì dípò mẹ́jọ ààbọ̀, ọ̀rá tó yọ́ lára wọn fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ẹran ara ló ń lọ dípò ọ̀rá. Ebi tún ń pa wọ́n sí i. Bí ẹ bá lè fi wákàtí kan kún oorun yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un, kódà kí fíìmù alẹ́ kọjá.

Ẹnu ayé náà ń bọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rù, àìsàn tàbí àìrówóná ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. “Ìyá, ẹ ti rù o, ṣé kò sí?” Oníbàárà tó sọ ọ́ fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n mo ti rí obìnrin tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ dá padà sídìí àwo. Ẹ dá a lóhùn pé ilé ìwòsàn ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún aṣọ yín tò lọ.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa gun ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, láàárọ̀ lẹ́yìn ìtọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ máa wọn ìbàdí yín lóṣooṣù, torí ó máa ń dín nígbà mìíràn tí kílò ò yẹ̀. Bí kílò àti téèpù kò bá yẹ̀ rárá fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ sọ fún un, ó lè mú ara sanra. Ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid) wò, bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ara kì í fẹ́ rù. Bí wọ́n bá sì ti fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ má fúnra yín dá a dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́.

Kí oṣù yìí tó parí, ẹ lọ ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà yín wò, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Àwọn nọ́ńbà yẹn ni mò ń retí ju ti kílò lọ.