Àbàwọ́n ara tí kì í yún

 

Iṣan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o. Iṣan tó ń gbé ìròyìn ni: èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé ìkòkò yìí gbóná, tí ọpọlọ sì ń gbà á ránṣẹ́ padà sọ́wọ́ pé, fi í sílẹ̀ kíá.

Ẹ wo okùn iná tó wọnú ilé. Bàbà ló wà nínú, rọ́bà ló bò ó. Iṣan wa náà ní ìbora. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn dókítà ń pè é ní myéline. Àmọ́ ìbora iṣan kì í lọ gbọọrọ bíi rọ́bà. A máa fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ léraléra. Ìròyìn ń fò láti àyè kan bọ́ sí èkejì, bí ẹni tó ń fò lórí òkúta sọdá odò. Ìdí tó fi ń yá nìyẹn. Iṣan tí ìbora rẹ̀ nípọn dáadáa lè gbé ìròyìn rin nǹkan bí 100 mítà kí ẹ tó pe orúkọ ọmọ yín tán. Èyí tí kò ní ìbora rárá, mítà kan tàbí 2 péré.

Nínú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló ń ṣe ìbora yìí. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan a wé ara rẹ̀ mọ́ iṣan lọ́pọ̀ ìgbà, bí aṣọ tí a ká mọ́ igi. Inú oyún ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ kíkankíkan títí ọmọ fi pé ọdún 2. Ó wà lára ìdí tí ọmọ tuntun kò fi lè dá ọrùn dúró, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jókòó, kó tó wá rìn. Aboyún àti abiyamọ, ìbora yìí ń fẹ́ vitamin B12, kò sì sí nínú ẹ̀fọ́ tàbí gàrí. Ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà àwọn Fúlàní ló ní in. Mo mọ̀ pé ẹran wọ́n lọ́jà. Ẹja gbígbẹ kéékèèké náà ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó mú mi wá gan-an rèé: àrùn ẹ̀tẹ̀. Hansen, dókítà ará Norway, ló rí kòkòrò tó ń fà á ní 1873. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjogúnbá. Inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ìbora yẹn ni kòkòrò náà ń sá pamọ́ sí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 5, nígbà mìíràn ọdún 20, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Tí ara bá wá dìde bá a jà, iṣan ló ń di ojú ogun. Iṣan a wú, ìbora a ya, tó bá sì pẹ́, okùn inú rẹ̀ pàápàá a kú.

Àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka. Rárá o. Ọwọ́ tí kò mọ̀ pé ìkòkò gbóná ló ń jóná. Egbò a dé, kòkòrò mìíràn a wọ ibẹ̀, egungun a bàjẹ́. Ìbora tó ya lè tún hù bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀. Okùn tó ti kú tipẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le.

Nítorí náà, ẹ yẹ ara yín wò, ẹ yẹ ẹ̀yìn ọmọ wò. Àbàwọ́n tó fẹ́ funfun tàbí tó pọ́n ju ara yòókù lọ, tí kì í yún, tí kì í dunni, ni kí ẹ máa wá. Làpálàpá a máa yún èèyàn. Tiwa yìí kì í yún, òun lẹ ṣe ń rí i tí ẹ ń fojú fò ó. Kí onítọ̀hún di ojú. Ẹ fi owú díẹ̀ kan ara tó dáa, ẹ wá fi kan àbàwọ́n náà, kó máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ kàn. Tí kò bá mọ̀ pé owú kan àbàwọ́n yẹn, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ má lo abẹ́rẹ́, ẹ má sì lo iná. Ẹni tí sílípáàsì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ̀, kí òun náà lọ.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Oṣù 6 tàbí 12 ni wọ́n ń lò ó. Ìtọ̀ lè pupa, ara lè dúdú sí i. Ẹlòmíràn á torí ẹ̀ sá fún oògùn. Oògùn ló fà á, yóò lọ. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Ẹ bá a jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, àti ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó tán: bí ìgúnpá tàbí orúnkún bá ṣàdédé ń ta yín, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà. Oògùn mìíràn wà tó ń mú kí iṣan tó wú rọlẹ̀. Kí ó má tíì pé oṣù 6 tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù.